Ìmúra Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ilé Sílẹ̀ fún Ìgbà Òtútù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìdáhùn yìí wà fún ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àyíká ilé níbi tí ilẹ̀ ti máa ń dì gbagidi nígbà òtútù. Ní ìdajì ayé tó wà lápá àríwá, iṣẹ́ náà sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá. Lápá gúúsù, oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún ni. Ẹ má fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣe é o. Ìrì dídì, ìyẹn ìrì tó ń di yìnyín sórí ewé àti ilẹ̀ lóru, ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ìgbà wo gan-an ni kí n bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ ní àdúgbò yín. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ti ń dáko níbẹ̀ tipẹ́ náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ sẹ́yìn láti ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi rí ọjọ́ yẹn, nítorí náà ìrì dídì lè fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yá tàbí kó fi pẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Wọ́n á gbọ́ pé òru yóò tutù dé 3°C, wọ́n á ní kò kúkú tíì dé 0°C, wọ́n á lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ewé tòmátò á ti dúdú, á ti rọ. Ìdí ni pé àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ máa ń gbé òṣùwọ̀n wọn sókè kúrò nílẹ̀, ó máa ń tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere tí afẹ́fẹ́ kò sì mira, ooru ilẹ̀ á gbéra lọ sójú ọ̀run, ilẹ̀ àti ewé tó sún mọ́ ọn á wá tutù ju òkè lọ ní ìwọ̀n díẹ̀, nígbà míì ó máa ń tó ìwọ̀n mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti kéde 4°C tí kò sí ìkùukùu, ẹ bo ọ̀gbìn yín. Afẹ́fẹ́ tútù a tún máa ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, nítorí náà ebè tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń rí ìrì dídì ṣáájú ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Èwo ni òtútù máa pa, èwo ni kò ní pa?

Tòmátò, ata, ìgbá, ilá, ẹ̀wà, kùkúńbà, elégédé, ànàmọ́ àti tẹ̀tẹ̀ kò lè fara da ìrì dídì rárá. Alẹ́ kan ti tó. Lẹ́tùúsì, kárọ́ọ̀tì, bíìtì àti kábéèjì lè fara da òtútù díẹ̀ sísàlẹ̀ 0°C, nǹkan bíi −2°C sí −4°C, bí kò bá pẹ́ jù. Kale (ẹ̀fọ́ kan nínú ẹbí kábéèjì), leek (tó jọ àlùbọ́sà elewé), spinach àti parsnip (tó jọ kárọ́ọ̀tì funfun) ló lágídí jù: bí ó bá tutù dé −7°C, wọ́n ṣì lè wà láàyè.

Kale àti parsnip tiẹ̀ máa ń dùn sí i lẹ́yìn ìrì dídì. Ewéko náà á sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yìí ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè dì. Ẹni tó bá ti kánjú hú parsnip kí òtútù tó mú kò tíì mọ adùn rẹ̀.

Tòmátò tó kù lórí igi kò tíì pọ́n. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ẹ kó o wọlé kí ìrì dídì tó bọ́. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa pọ́n, nítorí náà ẹ dán ẹyọ kan wò: ẹ fi ọ̀bẹ mímú là á sí méjì. Bí àwọn irúgbìn inú rẹ̀ bá ń yọ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ nínú omi tó kì díẹ̀, ó ti gbó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tóbi tó o yóò pọ́n nínú ilé. Bí ọ̀bẹ bá gé irúgbìn náà pẹ̀lú, kò tíì gbó, kò sì ní pọ́n láé. Ẹ sè é ní tútù bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ jù ú sórí kọ́ńpọ́sì, ìyẹn òkìtì ewé àti pàǹtírí ọgbà tí à ń jẹ́ kó jẹrà di ajílẹ̀.

Ẹ já ìdí rẹ̀ kúrò kí ó má baà gún èkejì, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tò ó sínú páálí ní ìpele kan ṣoṣo. Kò nílò oòrùn. Ooru 15°C sí 21°C ló bá a mu. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yá, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n sáàárín rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tó ń mú èso pọ́n. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ẹ yọ èyí tó bá ti rọ̀ jù. Kò gbọdọ̀ wọ fíríìjì: bí ooru bá ti wá sílẹ̀ ju 10°C lọ, pípọ́n rẹ̀ á dúró.

Ṣé mo lè tọ́jú igi ata di ọdún tó ń bọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tọ́ sí wàhálà rẹ̀, nítorí ata tó ti ní gbòǹgbò àgbà máa ń so ṣáájú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Igi tó ń lò ju ọdún kan lọ ni ata. Òtútù ló ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Kí òru tó máa tutù ju 10°C lọ, ẹ wa igi náà pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ ká gbogbo èso rẹ̀, ẹ gé e kù sí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ̀ka mélòó kan ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì já ewé tó kù. Ẹ fi omi fọ igi náà àti abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa, torí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu omi ewé máa ń bá a wọlé, inú ilé kò sì ní kòkòrò míì tó máa pa wọ́n jẹ. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ gbé e síbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 10°C sí 15°C, tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì wà.

Omi ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Igi tí kò ní ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀ náà. Bí ó bá ṣì tutù ní sẹ̀ǹtímítà 3 sísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà ìrúwé, ẹ má gbé e jáde pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ fún bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kí ẹ tó gbìn ín.

Ṣé kí n hú gbogbo ewéko tó ti kú kúrò?

Rárá. Èyí tó ní àrùn ni kó kúrò tewé-tegbò. Èyí tí ara rẹ̀ le, ẹ gé e mọ́lẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà sínú ilẹ̀: ihò tí ó bá fi sílẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ekòló sì ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Àwọn mélòó kan wà tí a kì í fi gbòǹgbò wọn sílẹ̀. Kábéèjì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá hú u tí gbòǹgbò rẹ̀ wú kúlúkúlú bí ìka ọwọ́ tó ní oówo, àrùn kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ló mú un, àrùn náà sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹ ti hú u tán. Ẹ má gbin ẹbí kábéèjì kankan sójú ibẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì fọ erùpẹ̀ kúrò lára bàtà àti ọkọ́ kí ẹ tó wọ ebè míì.

Pòtétò ni èkejì. Ẹ wa gbogbo rẹ̀, títí dórí àwọn kéékèèké tí ọwọ́ kò fẹ́ fi ṣe nǹkan. Àrùn tó máa ń sọ ewé pòtétò àti tòmátò di dúdú ní ìgbà òjò kì í sábà wà láàyè lórí ewé tó ti kú, ṣùgbọ́n ó máa ń sùn nínú pòtétò tó kù sílẹ̀ láìjẹrà, yóò sì bá a hù jáde nígbà ìrúwé.

Ẹ ṣa gbogbo èso tó ti já bọ́. Ẹ tu èpò kí ẹ tó bo ilẹ̀, pàápàá èyí tó ti ń so. Bí òdòdó tí igi rẹ̀ ṣófo nínú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ẹ fi igi rẹ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 45 sílẹ̀, nítorí àwọn oyin tó ń dá gbé máa ń fi ihò inú rẹ̀ ṣe ilé.

Ṣé ewé tó ní àrùn lè wọ inú kọ́ńpọ́sì?

Kọ́ńpọ́sì ilé kì í sábà gbóná tó. Kí àrùn àti irúgbìn èpò tó kú, àárín òkìtì náà ní láti gbóná dé 55°C, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa yí i kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bọ́ sáàárín. Òkìtì tí kò tó mítà kan níbùú, lóròó àti lóòkè kì í di ooru mú. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kó o fún àwọn tó ń kó pàǹtírí ọgbà.

Ṣé kí n tú ilẹ̀ kí òtútù tó dé?

Èrò àtijọ́ ni pé kí a yí ilẹ̀ padà kí òtútù lè fọ́ ọ. Fún ọ̀pọ̀ ọgbà ilé, a kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Yíyí ilẹ̀ padà ń ba ọ̀nà ekòló jẹ́, ó ń gbé irúgbìn èpò tó ti sùn sísàlẹ̀ wá sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ á ti jí i, ó sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò fún òjò àti atẹ́gùn oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Ilẹ̀ tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ nígbà òtútù ni àṣìṣe tí à ń rí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ibi tí a ti lè yọ̀ǹda ni ilẹ̀ amọ̀ líle tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ di ọgbà. Níbẹ̀ pàápàá, ẹ fi fọ́ọ̀kì ọgbà tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ mì í síwá-sẹ́yìn kí ilẹ̀ lè là, ẹ má yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ dì í mú, kí ẹ wá fi ìka tì í. Bí ó bá fọ́, ẹ lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúró ní odindi bí ẹ ṣe dì í, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ ó kàn sọ ọ́ di bíríkì ni.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta ti tó, àsìkò yìí ló sì dára jù, torí láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun) tí a ń dà sílẹ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́jọ sí mẹ́wàá káàkiri ọgbà, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ gé erùpẹ̀ pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Bọ́kẹ́ẹ̀tì páànù kò dára fún un, zinc ara rẹ̀ lè yí èsì padà. Ẹ sá a gbẹ lórí pépà, kí ẹ fi nǹkan bíi kọ́ọ̀pù méjì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ ń fẹ́ kí ìwọ̀n kíkan ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pH, wà láàárín 6.0 sí 6.8. Iye láìmù tí èsì bá kọ ni kí ẹ dà. Ẹ má fojú bù ú, torí ilẹ̀ amọ̀ ń gbà púpọ̀ ju ilẹ̀ iyanrìn lọ, èyí tó bá sì ti pọ̀ jù ṣòro láti yọ. Ẹ má dà á sí ebè tí pòtétò máa wà lọ́dún tó ń bọ̀, ara pòtétò á sé èépá. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹran tútù lọ́jọ́ kan náà: òórùn líle tí ẹ máa gbọ́ nígbà náà ni oúnjẹ ilẹ̀ tó ń fò lọ.

Kí ni kí n fi bọ́ ilẹ̀, báwo ni yóò sì ṣe pọ̀ tó?

Kọ́ńpọ́sì tó ti jiná, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5 lórí ebè. Ẹ tẹ́ ẹ sórí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ekòló láti wọ́ ọ wọlé. Ẹ má da ajílẹ̀ alápò olómi tàbí oníyẹ̀fun tó ní nitrogen púpọ̀ síbẹ̀ lásìkò yìí. Kò sí ọ̀gbìn tó máa jẹ ẹ́, òjò á wọ́ ọ lọ sínú odò.

Ìgbẹ́ màlúù, ẹṣin, ewúrẹ́ tàbí adìyẹ tó ṣì tutù lè wọ ilẹ̀ nígbà ìwọ́wé, nítorí ó ṣì máa ní oṣù tó pọ̀ láti jẹrà. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ó tó ọjọ́ 120 ṣáájú ìkórè ohun tó ń kan ilẹ̀, irú bíi lẹ́tùúsì àti kárọ́ọ̀tì, kí ó sì tó ọjọ́ 90 fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Ìgbẹ́ ajá àti ológbò kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ẹ̀fọ́ rárá nítorí àwọn kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ti dì, ẹ dúró. Ìgbẹ́ tí ẹ bá dà sórí ilẹ̀ dídì, ojú ilẹ̀ ni omi á ti gbá a lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbẹ́ ẹṣin àti màlúù tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n jẹ. Àwọn oògùn apakòóríko kan wà tó lè gba inú ẹran kọjá láìkú, tí yóò sì ba tòmátò, ẹ̀wà àti pòtétò jẹ́. Ẹ po ìgbẹ́ náà mọ́ erùpẹ̀ ní ìdajì-ìdajì sínú ìkòkò mẹ́ta, kí ẹ fi erùpẹ̀ nìkan sínú mẹ́ta míì, ẹ gbin ẹ̀wà sínú gbogbo wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ewé èyí tó wà nínú ìgbẹ́ bá ká wọ́, tó sì rí wínníwínní, ẹ má lò ó.

Ewé gbígbẹ tó já sílẹ̀, ṣé ó dára láti fi bo ebè?

Ó dára púpọ̀, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìgékoríko gùn ún kọjá lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè fọ́ wẹ́wẹ́. Odindi ewé tó fẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra bí òjò bá pa á, omi àti afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà gbà. Ẹ tẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Yóò sùn wálẹ̀ sí ìdajì kí òtútù tó lọ. Pòròpórò àlìkámà náà dára. Koríko tí wọ́n gé fún ẹran jẹ kò dára, irúgbìn kún inú rẹ̀.

Bí atẹ́gùn bá ń gbé e lọ, ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi ẹ̀ka igi tàbí àwọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà ìrúwé, ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn, torí ilẹ̀ tí nǹkan bò máa ń pẹ́ kó tó móoru.

Mo gbọ́ pé èèyàn lè gbin nǹkan kìkì láti fi bo ilẹ̀. Èwo ni kí n gbìn?

Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, óòtì, ọkà kan tó jọ àlìkámà, la máa ń yàn. Ẹ fọ́n ọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú ìrì dídì, nǹkan bíi gíráàmù 200 fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà méjì tó sì gùn ní mítà márùn-ún, ẹ fi réèkì bò ó díẹ̀. Níbi tí òtútù bá ti le, yóò kú fúnra rẹ̀, yóò sì sùn sílẹ̀ bí ẹní. Ẹ ó kàn la ojú rẹ̀ gbin nǹkan nígbà ìrúwé ni.

Ráì, ọkà míì bíi óòtì, lágbára jù ú lọ, ó sì lè hù bí ẹ bá tilẹ̀ pẹ́, gíráàmù 150 sí 200 ló tó fún ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n òtútù kì í pa á. Ẹ̀yin lẹ máa pa á, kí ó sì tó yọrí. Ẹni tí kò ní okun láti gé e mọ́lẹ̀ kó sì fi nǹkan dúdú bò ó kó má ṣe é. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá kú kí ẹ tó gbin irúgbìn wẹ́wẹ́ síbẹ̀, nítorí ohun kan ń jáde lára ráì tó ń jẹrà tí kì í jẹ́ kí irúgbìn bíi ti kárọ́ọ̀tì hù dáadáa.

Ìgbà wo ni kí n gbin aáyù?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ilẹ̀ tó dì. Ó nílò àkókò tó láti ta gbòǹgbò, kò sì gbọdọ̀ yọ ewé púpọ̀. Ó tún nílò òtútù fúnra rẹ̀: aáyù tí kò rí òtútù tó sábà máa ń di orí roboto kan ṣoṣo tí kò pín sí awẹ́.

Ẹ ya awẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbìn ín gan-an, ẹ má bó èèpo rẹ̀. Awẹ́ tó tóbi jù ni kí ẹ gbìn, kí ẹ jẹ kékeré. Ẹ kọ orí ṣónṣó rẹ̀ sókè, kí ó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 wà láàárín wọn, kí ìlà sí ìlà jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30. Níbi tí òtútù ti le gan-an, ẹ jẹ́ kó jìn tó 7 tàbí 8. Ẹ wá fi pòròpórò bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ohun ìbolẹ̀ yìí kò wá mú ilẹ̀ móoru. Ó ń dènà kí ilẹ̀ máa dì kó máa yọ́, kó tún máa dì, nítorí ìyẹn ló máa ń ti awẹ́ jáde sójú ilẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ á fi já. Bí ewé díẹ̀ bá yọ nígbà tí òtútù ṣì wà, ẹ má jáyà; ṣónṣó rẹ̀ lè jó, ṣùgbọ́n yóò gbérí.

Ṣé kárọ́ọ̀tì lè wà nínú ilẹ̀ títí?

Ó lè wà. Ẹ gé ewé rẹ̀, ẹ kó ewé gbígbẹ tàbí pòròpórò tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lé e kí ilẹ̀ tó dì, ẹ gún igi sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà kí ẹ lè rí i nígbà tí òjò dídì bá bò ó. Eku ni ọ̀tá ibẹ̀: á gba abẹ́ ohun ìbolẹ̀, á jẹ kárọ́ọ̀tì láti ìsàlẹ̀, ewé orí rẹ̀ kò sì ní mira. Bí eku bá pọ̀ ládùúgbò yín, ẹ wa kárọ́ọ̀tì náà.

Èyí tí ẹ bá wà, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ yí ewé rẹ̀ já, kí ó ku sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ tò ó sínú iyanrìn tútù, ìpele kárọ́ọ̀tì, ìpele iyanrìn, kí wọ́n má fara kanra. Iyanrìn náà yẹ kó rọ̀ dé ibi tí á fi dì mọ́ra bí ẹ bá fún un, láìsí ẹ̀kán omi kan. Ooru 0°C sí 4°C ló bá a mu. Ápù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, kárọ́ọ̀tì á korò.

Àlùbọ́sà àti aáyù fẹ́ òtútù bíi ti kárọ́ọ̀tì ṣùgbọ́n ibi gbígbẹ ni tiwọn. Bí ọrùn àlùbọ́sà bá ṣì rọ̀, kò tíì ṣe é kó pa mọ́. Elégédé ń fẹ́ 10°C sí 13°C, pẹ̀lú igi ìdí rẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 lára rẹ̀. Pòtétò ń fẹ́ òkùnkùn biribiri àti 4°C sí 7°C. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa dùn bíi ṣúgà, á sì tètè jóná nínú òróró; bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ara rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, májèlé sì wà níbẹ̀.

Aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọ̀gbìn ńkọ́?

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wúwo tó gíráàmù 17 fún mítà kan níbùú lóròó máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n kan kún ooru abẹ́ rẹ̀. Èyí tó wúwo tó gíráàmù 50 lè fi mẹ́ta sí mẹ́rin kún un. Ẹ gbé e lé orí ọ̀pá tí ẹ tẹ̀ kọrọdọ, kí ó má kan ewé. Ọ̀rá tó bá lẹ̀ mọ́ ewé máa ń gbé òtútù náà lé e lórí. Ẹ fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi rin ín lọ́sàn-án ṣáájú òru òtútù, torí ilẹ̀ tútù ń fi ooru pa mọ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Àpótí tí a fi gíláàsì bo lókè ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n oòrùn ló máa ń pa nǹkan inú rẹ̀ ju òtútù lọ. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, ẹ fi igi gbé ìdérí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ pa á dé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má sì retí kí ẹ̀fọ́ máa dàgbà níbẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kò bá tó wákàtí mẹ́wàá; á kàn dúró sójú kan. Ó ní láti ti sún mọ́ ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ kí àkókò yẹn tó dé.

Rọ́bà omi àti ẹ̀rọ omi ìta ńkọ́?

Omi máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i bí ó bá dì, kò sì sí páìpù tó lè bá a jà. Ẹ tú rọ́bà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ gbé apá kan rẹ̀ sókè, ẹ máa ká a lọ kí omi lè ṣàn jáde. Ẹ ti omi náà pa láti inú ilé, kí ẹ ṣí ẹnu ti ìta sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kó má baà dì pàápàá máa ń bẹ́ bí rọ́bà bá wà lẹ́nu rẹ̀, torí omi kò ní lè sẹ̀ jáde. Ẹ da omi inú dúrọ́ọ̀mù òjò nù, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìkòkò amọ̀ náà, ẹ da erùpẹ̀ inú rẹ̀ kúrò kí ẹ kó o síbi gbígbẹ.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú irinṣẹ́?

Ẹ ha erùpẹ̀ kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpatà, ẹ pọ́n ẹnu ọkọ́ àti ṣọ́bìrì pẹ̀lú fáìlì, ẹ fi òróró nù ún. Ẹ fi sanpépà ra igi ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ fi òróró linseed pa á. Àkísà tí ẹ bá fi pa á kò ṣe é ká jọ sí kọ̀rọ̀: òróró yìí máa ń mú ooru jáde bí ó ṣe ń gbẹ, àkísà tó wà ní ìkójọ lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta títí á fi gbẹ ganpan.

Kí ni kí n kọ sílẹ̀?

Ẹ ya ebè kọ̀ọ̀kan sórí pépà, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí àti àrùn tó bá a jà. Ní oṣù márùn-ún sí i, kò ní sí ẹni tó máa rántí. Ẹ má dá tòmátò, ata, ìgbá àti pòtétò padà sójú kan náà kí ọdún mẹ́ta tó pé; ẹbí kan ni wọ́n.

Òjò dídì ti bo gbogbo ọgbà, mi ò sì tíì ṣe nǹkan kan. Ṣé ó ti bọ́?

Àwọn kan ti bọ́, gbogbo rẹ̀ kọ́. Ẹ tètè lọ tú rọ́bà omi lónìí. Òjò dídì tó wà lórí ebè kò ní ṣe nǹkan burúkú, ó ń dá ààbò bo ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó wà lórí aṣọ ìbo-ọ̀gbìn àti gíláàsì àpótí ni kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá kúrò kí ó má baà wó o. Nígbà tí ó bá yọ́ díẹ̀, ẹ gbé ewéko tó ní àrùn kúrò, kí ẹ da ewé gbígbẹ sórí ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ ti dì. Láti ojú ọ̀nà ni kí ẹ ti nawọ́ dé ebè, tàbí kí ẹ tẹ́ pákó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ ilẹ̀ tó ń yọ́, tó rin gbingbin, máa ń kì í mọ́lẹ̀ títí di ìgbà ìrúwé. Kọ́ńpọ́sì lè dúró títí ìgbà náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbin nǹkan.